Ìgbàgbọ́ Ni Tàbí Iṣẹ́ Rere?

ÌBÉÈRÈ

Inú Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí mi sí, ilé àwọn Àgùdà ni mo sì fẹ́ ọkọ sí. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn àánú ṣíṣe: wọ́n á bẹ aláìsàn wò, wọ́n á gbé oúnjẹ lọ fún opó. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ ẹnu lásán kò gbé ẹnikẹ́ni dé ọ̀run. Ṣùgbọ́n oníwàásù wa ní iṣẹ́ rere wa kò já mọ́ nǹkan kan níwájú Ọlọ́run, ìgbàgbọ́ nìkan ló ń gbani là. Ohun tó wá dà mí lọ́kàn rú ni arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó kó owó àjọ wa jẹ. Nígbà tí a bi í, ó ní Jésù ti san gbogbo gbèsè òun! Pọ́ọ̀lù sọ tirẹ̀, Jákọ́bù sọ tirẹ̀. Ta ni ká tẹ̀ lé? Ṣé àánú tí ìyá ọkọ mi ń ṣe já sí asán ni?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ oníwàásù yín. Àwọn tí Pọ́ọ̀lù ń bá wí yàtọ̀ sí àwọn tí Jákọ́bù ń bá wí, ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Gálátíà, àwọn kan ti wá bá àwọn Kèfèrí tó gba Jésù gbọ́, wọ́n ní bí wọn kò bá kọlà, kí wọ́n sì pa Òfin Mósè mọ́, wọn kò tíì di ènìyàn Ọlọ́run. Pọ́ọ̀lù fàáké kọ́rí. Ó ní kò sí ohun tí èèyàn lè kó wá tí yóò fi ra ojúrere Ọlọ́run; ọ̀fẹ́ ni, ìgbàgbọ́ nínú Kristi la fi ń gbà á.

Àwọn ti Jákọ́bù ti gbà pé Ọlọ́run kan ló wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ará tí kò láṣọ, tí kò sì rí jẹ, àdúrà nìkan ni wọ́n fi ń sìn ín lọ. Jákọ́bù ní irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ ti kú. Ó ní àwọn ẹ̀mí èṣù pàápàá gbà pé Ọlọ́run wà.

Ábúráhámù ni àwọn méjèèjì fi ṣe ẹ̀rí. Orí 15 ìwé Jẹ́nẹ́sísì ni Pọ́ọ̀lù ṣí: Ábúráhámù kò tíì bímọ, kò tíì kọlà, ó kàn gba ìlérí Ọlọ́run gbọ́, Ọlọ́run sì kà á sí olódodo. Orí 22 ni Jákọ́bù ṣí, níbi tí Ábúráhámù ti gbé Ísáákì sórí pẹpẹ lórí òkè. Láàárín orí méjèèjì, ó bí Íṣímáẹ́lì ní ẹni ọdún 86, ó bí Ísáákì ní ẹni 100 ọdún, Ísáákì sì ti dàgbà dé ẹni tó lè ru igi kí wọ́n tó gun òkè náà. Iṣẹ́ orí 22 kọ́ ló ra ìlérí orí 15. Ohun tó ti gbà lọ́fẹ̀ẹ́ tipẹ́tipẹ́ ló fara hàn lórí òkè.

Bí ọmọ inú ilé ṣe rí nìyẹn. Kò sí ọmọ tó sanwó kí wọ́n tó bí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ pé ilé òun ni òun wà kò ní máa wo ìyá rẹ̀ níran nígbà tí ẹrù bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Kí ló wá dá ìjà sílẹ̀ láàárín Àgùdà àti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì? Ní 1517, àlùfáà kan, Johann Tetzel, ń ta ìwé ìdáríjì kiri ilẹ̀ Jámánì, èyí tí wọ́n ní yóò dín ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kù fún alààyè àti òkú. Lára owó náà ni wọ́n fi ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Martin Luther, olùkọ́ ní yunifásítì Wittenberg, kọ kókó 95 láti fi takò ó. Lẹ́yìn náà ló wá ń tẹnu mọ́ ọn pé ìgbàgbọ́ nìkan la fi ń dáni láre. Ní 1522, ó fojú kéré ìwé Jákọ́bù, ó fi í wé koríko gbígbẹ. Síbẹ̀, ní ọdún yẹn kan náà, ó kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé Róòmù pé ìgbàgbọ́ tòótọ́ wà láàyè, kì í jókòó láìṣe rere.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú yìí ni wọ́n ń kà nínú ìpàdé kan ní Aldersgate, Lọ́ńdọ̀nù, ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1738, nígbà tí John Wesley, baba ìjọ yín, rí ìdánilójú ìgbàlà. Láti ìgbà tó ti wà ní Oxford ló ti ń bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò, tó sì ń gbààwẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ náà, kò fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ìdí tó fi ń lọ bá wọn ló yí padà.

Àwọn Àgùdà náà kò sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ló ń gbani là. Ní ìpàdé Trent, ní 1547, wọ́n là á mọ́lẹ̀ pé láìsí oore-ọ̀fẹ́ nípasẹ̀ Kristi, kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè sọ di olódodo. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí ẹnìkan ní ìgbàgbọ́ nìkan ti tó, láìsí ìfẹ́ àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú oore-ọ̀fẹ́ náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1999, ìjọ Àgùdà àti àpapọ̀ àwọn ìjọ Luther jùmọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan ní Augsburg: oore-ọ̀fẹ́ la fi gbà wá, kì í ṣe ẹ̀tọ́ wa, Ẹ̀mí Mímọ́ ló sì ń sọ ọkàn wa dọ̀tun láti ṣe rere. Ní 2006, àpapọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì fara mọ́ ọn. Ìjiyàn ṣì kù lórí bóyá iṣẹ́ rere ń mú kí òdodo ẹni pọ̀ sí i, àti lórí èrè. Ṣùgbọ́n lórí ìpìlẹ̀, ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín ti wà lójú kan.

Ní ti arákùnrin àjọ, ẹ ka ìtàn Sákéù agbowó-orí fún un. Jésù ti wọ ilé rẹ̀ kí ó tó dá kọ́bọ̀ kan padà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Sákéù fi dìde, tó ní òun yóò san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Olè orí àgbélébùú kò ráyè san nǹkan kan, Jésù sì gbà á bẹ́ẹ̀. Arákùnrin yín ráyè. Jésù san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kò ní kó má san owó àjọ. Kí ẹnìkan nínú yín kọ́kọ́ lọ bá a sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́. Bí kò bá gbọ́, kí àgbà ìjọ méjì tẹ̀ lé e, kí wọ́n bá a ṣètò bí yóò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ní ti ìyá ọkọ yín, àánú wọn kò já sí asán. Bí wọ́n bá tún ń gbé oúnjẹ lọ sọ́dọ̀ opó, ẹ bá wọn gbé e.

Kí ẹ sì bá mi kí oníwàásù yín. Bí wọ́n bá tún fẹ́ fi ẹsẹ̀ 8 àti 9 nínú Éfésù orí 2 wàásù pé iṣẹ́ kò gbani là, kí wọ́n jọ̀wọ́ ka ẹsẹ̀ 10 mọ́ ọn. Pọ́ọ̀lù kan náà ló sọ níbẹ̀ pé nítorí iṣẹ́ rere ni Ọlọ́run ṣe dá wa nínú Kristi.