Ìmòòkùn, Ìfófòó Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Yàrá Ìfúnpá: Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Èdè Yorùbá fún Olùkọ́ Ilẹ̀ Yewa

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé àìsàn tí ó máa ń bá ẹni tí ó mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀ omi jíjìn, àti ìtọ́jú tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń fún un nínú yàrá ìfúnpá. Ìṣẹ̀lẹ̀ Harrison Okene, tí a yọ láàyè nínú ọkọ̀ tí ó rì sínú òkun ilẹ̀ wa ní ọdún 2013, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Kókó tí a fẹ́ fà yọ ni pé gígòkè ní wàràwàrà ni ó ń dá àìsàn yìí sílẹ̀, àti pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti fi kọ́ ọmọ ní ìdí rẹ̀, kí ó lè dáàbò bo ara rẹ̀.

1. Ìfáàrà

Ilẹ̀ Yewa kò sí ní etí òkun, ṣùgbọ́n ó bá omi tan. Odò Yewa, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹkùn yìí dípò Ẹ̀gbádò láti ọdún 1995, ń ṣàn lọ sí gúúsù títí tí ó fi dé agbègbè ọ̀sà Àgbádárìgì. Àwọn ọmọ ń wẹ̀ nínú odò. Ọmọ Ìlaró tàbí Ayétòrò tí ó bá jáde lọ wá iṣẹ́ lè bá ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn ní ọ̀sà Èkó, tàbí níbi iṣẹ́ epo lójú òkun. Kò yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́ nípa ewu omi ní ọjọ́ tí ewu náà bá dé bá a.

Kì í ṣe òní ni a ti mọ̀ pé a lè fi èdè abínibí kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi èyí hàn gbangba. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni kí a máa mú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dé orí ọ̀rọ̀ tuntun.

2. Ìṣẹ̀lẹ̀ Escravos

Ní ìdájí ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Jascon-4, irú èyí tí ó máa ń fa ọkọ̀ ńlá, dojú dé nínú òkun, ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí etíkun Escravos ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, ẹni ọdún 29 tí ó jẹ́ alásè ọkọ̀ náà, wà ní ilé ìyàgbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ yí. Omi gbé e títí tí ó fi dé yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí lókè. Ọkọ̀ náà rì dé ìsàlẹ̀ òkun, ní ìwọ̀n bí 30 mítà. Nínú òkùnkùn àti òtútù, ìgò kóòkì kan ṣoṣo ni ó rí mu.

Lẹ́yìn nǹkan bí 60 wákàtí, àwọn amòòkùn ilé iṣẹ́ DCN ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì wọ inú ọkọ̀ náà láti wá kó òkú. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan nínú omi, ó rò pé ọwọ́ òkú ni. Bí ó ti di ọwọ́ náà mú ni ọwọ́ náà di tirẹ̀ mú. Nínú gbogbo àwọn 12, Okene nìkan ni ó yè.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wa wà nìyí: wọn kò fà á yọ sójú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n fi omi gbígbóná mú ara rẹ̀ yá, wọ́n dé e ní akoto ìmòòkùn tí ó ń gba ibẹ̀ mí, wọ́n sì mú un wọ inú àgọ́ onírin tí a fi ń gbé amòòkùn sókè sódò. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ sínú yàrá ìfúnpá tí ó wà lórí ọkọ̀ wọn. Ó lo ohun tí ó lé ní ọjọ́ méjì nínú yàrá náà kí ó tó jáde. Kí ló dé tí ẹni tí ebi ń pa, tí òtútù ti mú, kò fi lè lọ sílé kíákíá?

3. Ìfúnpá àti ìfófòó

Afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ní ìwúwo, ó sì ń tẹ̀ wá. Bí ènìyàn bá wọ inú omi, omi náà yóò máa tẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo mítà 10 tí ó bá sọ̀kalẹ̀, ìfúnpá tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti afẹ́fẹ́ òkè ilẹ̀ ni yóò tún gorí ti tẹ́lẹ̀. Ní 30 mítà tí Okene wà, ìfúnpá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti òkè ilẹ̀.

Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí, nǹkan bí 78 jẹ́ náítírójìn, nǹkan bí 21 sì jẹ́ ọ́ksíjìn. Ara ń lo ọ́ksíjìn. Kò lo náítírójìn. Ṣùgbọ́n bí ìfúnpá bá ti pọ̀, náítírójìn yóò máa yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá, bí iyọ̀ ti ń yọ́ sínú omi. Bí ènìyàn bá ṣe pẹ́ tó ní ìsàlẹ̀ ni èyí tí ó yọ́ sí i lára yóò ṣe pọ̀ tó, títí ara yóò fi gbà á kún. Lẹ́yìn 60 wákàtí, ara Okene ti kún fún un.

Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni olùkọ́ lè fi ṣe àpèjúwe èyí. Nígbà tí ìdérí wà lórí ìgò, a kò rí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, nítorí pé ìfúnpá ni ó há a mọ́ inú omi náà. Bí a bá ṣí i lójijì, ìfófòó yóò ru jáde. Bí a bá ń tú ìdérí náà díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò máa yọ jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ amòòkùn rí. Bí ó bá gòkè wàràwàrà, náítírójìn yóò di ìfófòó nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Ìfófòó yìí lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀; ó lè fa ìrora oríkèé, ara yíyún, ara kíkú tipiri, àìlègbé ẹsẹ̀, àti ikú pàápàá bí ó bá kan ọ̀pá ẹ̀yìn, ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

4. Bí ìmọ̀ náà ṣe dàgbà

Àwọn òṣìṣẹ́ afárá ni àìsàn yìí kọ́kọ́ sọ di olókìkí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Afárá Brooklyn ní New York, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́lẹ̀ nínú àpótí ńlá abẹ́ omi tí a fún afẹ́fẹ́ sí láti lé omi sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣàìsàn bí wọ́n bá ti jáde. Ní ọdún 1872, àìsàn náà sọ Washington Roebling, ọ̀gá ẹnjiníà iṣẹ́ náà, di aláìlera.

Ní ọdún 1878, Paul Bert, onímọ̀ ará Faransé, tẹ ìwé tí ó fi hàn pé ìfófòó náítírójìn ni ó ń fa ìyà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1889, Ernest Moir fi yàrá ìfúnpá tọ́jú àwọn tí ń gbẹ́ ihò ọ̀nà lábẹ́ odò Hudson, ikú sì dín kù gan-an láàrin wọn. Ní ọdún 1908, John Scott Haldane, lẹ́yìn tí ó ti fi ewúrẹ́ ṣe àyẹ̀wò, gbé ìlànà jáde pé kí amòòkùn máa gòkè ní ìpele-ìpele, kí ó sì máa dúró ní ìpele kọ̀ọ̀kan kí náítírójìn lè ráyè jáde. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni ìtọ́jú Okene dúró lé.

5. Ìtọ́jú ọ́ksíjìn nínú yàrá ìfúnpá

Fún ẹni tí àìsàn ti mú, ìlànà tí a mọ̀ jù ni ti àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. A ó gbé aláìsàn sínú yàrá onírin, a ó mú ìfúnpá ibẹ̀ dé ìwọ̀n ti mítà 18 nínú omi, yóò sì máa mí ọ́ksíjìn pọ́ńbélé, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀díẹ̀, fún wákàtí bí i márùn-ún. Iṣẹ́ mẹ́ta ni èyí ń ṣe: ìfúnpá ń sọ ìfófòó di kékeré, ọ́ksíjìn ń lé náítírójìn jáde, ọ́ksíjìn púpọ̀ sì ń yọ́ sínú omi ẹ̀jẹ̀, tí ó fi ń dé ibi tí ọ̀nà ti dí. Ní ọdún 1960, Ite Boerema ní Amsterdam fi iṣẹ́ kẹta yìí hàn nípa ẹlẹ́dẹ̀ tí a fa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara wọn kúrò, tí wọ́n sì wà láàyè nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀.

A tún ń lo ìtọ́jú yìí fún àwọn egbò àtọ̀gbẹ kan tí kò jinná, fún ẹran ara tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ oníìtànṣán bàjẹ́, àti fún àwọn kan tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti mú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogboǹṣe. Ọ́ksíjìn tí ó pọ̀ jù lè fa gìrì, iná sì tètè ń ràn níbi tí ó bá pọ̀ sí. Ní ọdún 2021, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún aráàlú nípa àwọn tí ń polówó ìtọ́jú yìí fún àwọn àìsàn tí a kò tíì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún.

6. Ewu tí ó wà nínú odò tiwa

Olùkọ́ gbọ́dọ̀ ya ewu méjì sọ́tọ̀. Èyí tí a ti sọ bọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ń mí afẹ́fẹ́ ní ìsàlẹ̀ omi. Àwọn tí ń wa yanrìn ní ọ̀sà Èkó, tí wọ́n ń fi àkàbà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, ń sé èémí ni. Náítírójìn tí ń wọ ara wọn kéré, nítorí náà ìfófòó kì í sábà jẹ́ ìṣòro wọn. Ewu tiwọn, tí ó tún jẹ́ ti ọmọ tí ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje nínú odò, ni dídákú lábẹ́ omi.

Kì í ṣe àìtó ọ́ksíjìn ni ó kọ́kọ́ ń mú wa fẹ́ mí. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tí ó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ọmọ tí ó bá mí gúlegúle lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó mòòkùn ti lé gáàsì náà jáde. Kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun mí, títí ọ́ksíjìn yóò fi tán, tí yóò sì dákú láìsí ìkìlọ̀. Òmùwẹ̀ tó dáńtọ́ pàápàá ń ti ibẹ̀ kú. Òfin mẹ́ta ni kí a kọ́ wọn: ẹ má ṣe mí gúlegúle kí ẹ tó mòòkùn, ẹ má ṣe díje lórí ẹni tí yóò pẹ́ jù lábẹ́ omi, ẹ má ṣe dá nìkan mòòkùn.

7. Àbá fún kíkọ́ni

Kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn Okene, kí ó sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìdí tí a kò fi fà á gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó gbọ́ èrò wọn kí ó tó mú ìgò méjì jáde, kí ó ṣí ọ̀kan lójijì, kí ó sì ṣí èkejì díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ó kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sójú pátákó: ìfúnpá, ìfófòó, ìdúró ìpele, yàrá ìfúnpá. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá ti rí ìtumọ̀ rẹ̀ lójú kò ní ṣòro fún un láti rántí. Kí ó parí rẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú àkọ́kọ́: bí amòòkùn bá ń ṣàìsàn lẹ́yìn tí ó gòkè, a kì í dá a padà sínú omi, a ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, a ó fún un ní ọ́ksíjìn bí ó bá wà, a ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ohun kan náà tí ó dá ẹ̀mí Okene sí ní ìsàlẹ̀ òkun, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ó há mọ́ ọn, ni ìbá pa á bí a bá kánjú gbé e sókè. Okene kò kọ omi sílẹ̀. Ó padà kọ́ iṣẹ́ ìmòòkùn, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tí ó fi ìyà mọ̀ ni olùkọ́ ilẹ̀ Yewa lè fi ìgò méjì àti èdè ìyá ọmọ kọ́ ọ ní iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kí ọmọ náà tó dé etí odò.