Ọ̀wẹ̀ La Fi Ń La Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́, Àáró La Fi Ń Tọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ń wọ́, nítorí pé igi tó kàn láti gé ni ojú aládàá máa ń wò, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló sì máa ń rí i pé ọ̀nà ti yà kúrò níbi tó yẹ kó gbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ orí òkè mu gan-an, ìyẹn ọ̀nà tóóró tí a là gba inú igbó àti ẹ̀gbẹ́ òkè fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá, tó ní jíà púpọ̀ àti bírékì líle, ṣe eré ìdárayá. Ọ̀dọ́ tó ń gbé Mende ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe, tó sì fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé àdúgbò òun kò ní òkè tí a lè là: ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, ilé ti kún inú rẹ̀, Odò Ìyá Aláró sì ń ṣàn kọjá lẹ́bàá rẹ̀ lọ sínú ọ̀sà. Òkè wà ní Ìdànrè, ó wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ó wà ní Òkè-Ìmẹ̀sí àti ní agbègbè Abẹ́òkúta, èyí tó fi hàn pé orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ọmọ Mende yóò ti ṣe eré rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ onílẹ̀ sì ju ọ̀rọ̀ àdá àti ọkọ́ lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé eré náà jáde kò tètè mọ èyí. Láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County ní California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ń fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan ní 1976 tí wọ́n pè ní Repack, nítorí pé bírékì ẹ̀yìn máa ń gbóná débi tí gírísì inú rẹ̀ yóò fi jó tán, tí wọn yóò sì ní láti ki òmíràn sí i. Eré náà gbilẹ̀ títí ó fi wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996, Adrien Niyonshuti ọmọ Rwanda sì kópa nínú rẹ̀ ní London ní 2012. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó àti àwọn tó ń gẹṣin ti fi ẹjọ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ sùn, àwọn alábòójútó igbó sì ti ti ọ̀pọ̀ ọ̀nà mọ́ wọn. Ìdènà yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ kan para pọ̀ ní 1988 láti dá International Mountain Bicycling Association sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń la ọ̀nà tí kò ní ba ilẹ̀ jẹ́ àti bí a ṣe ń bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ti wọ́ kí wọ́n tó bojú wò ó.

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Kò sí ẹni tó yẹ kí òwe yìí yé ju ọmọ Mende lọ, nítorí ẹni tó bá ti rí bí omi ṣe ń kún lẹ́bàá kánààlì nínú oṣù Òkúdù mọ̀ pé omi kì í tọrọ àyè. Omi gan-an ni ọ̀tá ọ̀nà orí òkè, kì í ṣe táyà. Bí ọ̀nà bá gun òkè ní tààrà, òjò yóò sọ ọ́ di gọ́tà, yóò gbá iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ títí gbòǹgbò àti òkúta yóò fi yọ síta. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ yóò máa yà fún kòtò náà, wọn yóò sì tẹ ọ̀nà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, títí ọ̀nà kan yóò fi di mẹ́ta. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n fi máa ń jẹ́ kí ọ̀nà rẹ̀ yí òkè ká díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ní ìlànà méjì tí wọn kì í fẹ́ rú: ìkínní ni pé, ní ìpíndọ́gba, bí ọ̀nà bá lọ síwájú ní mítà 10, kí ó má gòkè ju mítà 1 lọ, èkejì, tí wọ́n ń pè ní ìlànà ìdajì, ni pé ìdagẹ̀rẹ́ ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì ìdagẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè tó gbà kọjá lọ, torí bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, omi tó yẹ kó dá ọ̀nà kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ yóò ṣẹ́rí, yóò sì bá ọ̀nà lọ. Wọ́n tún máa ń jẹ́ kí ojú ọ̀nà tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ọ̀nà tó ń sọ̀kalẹ̀ gòkè fẹ́ẹ́rẹ́ lóòrèkóòrè kí ó tó tún sọ̀kalẹ̀, kí omi tó ń kóra jọ lè rí ibi yà sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ òun ti rí, kí ó wọ aṣọ òjò, kí ó lọ rin ọ̀nà náà nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́.

Irinṣẹ́ kò le: ọkọ́, àdá, ṣọ́bìrì àti dígà tó. Àsìkò ló le díẹ̀, nítorí iyẹ̀pẹ̀ tí a gbẹ́ nígbà ọyẹ́ kì í dì, eruku ni yóò jẹ́, nígbà tí èyí tí a gbẹ́ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ máa ń mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ onílẹ̀ ló gba sùúrù jù. Orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní 1923, ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò ń gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọdún òrìṣà Orósùn kò sì tíì parẹ́. Àpáta tí àlejò rò pé ó wà lásán lè jẹ́ ojúbọ, ibi tó dà bí igbó lójú rẹ̀ sì lè jẹ́ oko kòkó ẹnìkan. Nítorí náà, kí a tó gé ewé kan, ó yẹ kí a dé ọ̀dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀, kí a dé ọ̀dọ̀ ìdílé tó ni ilẹ̀, kí a sì bá àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ igbó ọba, tí í ṣe igbó tí ìjọba ń dáàbò bò, àṣẹ àwọn òṣìṣẹ́ igbó pọn dandan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọ̀dọ́ ló lágbára àtigbẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọdẹ àgbà ló mọ ibi tí omi ń gbà àti ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣíwájú, kí a máa so aṣọ pupa mọ́ igi lẹ́yìn rẹ̀, kí àdá tó tẹ̀lé e.

Yorùbá ní ìlànà iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe méjì tó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí níbí. Ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹnìkan bẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn sí, tó fún wọn ní oúnjẹ, tí oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Àáró ni iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣe ní oko ara wọn níkọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí a bá ṣe tirẹ̀ lónìí fi jẹ gbèsè ọjọ́ iṣẹ́ fún àwọn yòókù. Ọ̀wẹ̀ tó láti la ọ̀nà, torí ariwo àti ìdùnnú ọjọ́ kan lè parí rẹ̀. Kò tó láti tọ́jú rẹ̀, nítorí eèsún àti ewé Akíntọ́lá kì í gbà ju ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ nígbà òjò kí wọ́n tó bo ojú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré ìdárayá ló ń kùnà síbí: ọ̀wẹ̀ ni wọ́n pè, àáró ni wọ́n ń retí. Agbára òfin náà kì í pẹ́ lórí irú iṣẹ́ báyìí. Ní November 2016, ìjọba Èkó fòpin sí òfin tó ń sé àwọn ènìyàn mọ́lé ní òwúrọ̀ Sátidé ìmọ́tótó kí wọ́n lè gbá àyíká wọn, lẹ́yìn èyí, ọwọ́ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CDA, ni kíkó gọ́tà kù sí ní ọ̀pọ̀ ibi.

Nítorí náà, kí àwọn ará Mende tó gba ọ̀nà ní ìlú olókè mọ̀ pé wọ́n ti jẹ gbèsè. Bí àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà bá fi ọjọ́ kan roko ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ó yẹ kí àwọn agunkẹ̀kẹ́ fi ọjọ́ kan tún ọ̀nà oko wọn ṣe, tàbí kí wọ́n bá wọn ṣán ọ̀nà odò, kí a sì kọ ọjọ́ méjèèjì sínú ìwé kan náà. Bí ọdún kan bá kọjá tí kò sí ará ìlú tó wá béèrè ẹ̀tọ́ àáró tirẹ̀, kí wọ́n lọ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́dọ̀ baálẹ̀ kí òjò tó dé, torí ó ṣeé ṣe kí àwọn onílé ti máa ka ọ̀nà náà sí ti àlejò.