Ṣé Kí N Gba Iṣẹ́ Ilé Tẹ́tẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mi ò ríṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Wọ́n ní kí n máa tẹ àwọn oníbàárà tó ti jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́ láago, kí n fi ẹ̀bùn owó díẹ̀ fà wọ́n padà. Màmá mi ní kí n gbà á, pé èmi kọ́ ni mò ń ta tẹ́tẹ́. Àwọn ará ìjọ ní ẹni tó bá tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ ti ṣẹ̀. Kí ni kí n ṣe?
*Ọmọ yín, Ìbàdàn*

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Àìríṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Nínú Lúùkù orí 3, àwọn agbowó-orí àti ọmọ ogun bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi pé kí ni káwọn ṣe. Kò ní kí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìrẹ́jẹ àti ìlọ́nilọ́wọ́gbà ló kọ̀ fún wọn. Ààfin Áhábù ọba búburú ni Òbádáyà ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó kó 100 wòlíì pamọ́ sínú ihò. Nítorí náà, mi ò ní dá ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì yẹn lẹ́bi.

Iṣẹ́ tìrẹ ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́ lè ti fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ta á kí ojú rẹ̀ tó là. Ìwọ ni wọ́n fẹ́ kó lọ fà á padà. Owó tí àwọn oníbàárà bá pàdánù ni ilé tẹ́tẹ́ fi ń jèrè, nítorí náà bí o bá ṣe mọ iṣẹ́ yẹn ṣe tó ni ilé onílé yóò ṣe máa tú tó. Má gbà á.

Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ mìíràn tí kò ní jẹ́ kí o tan ẹnikẹ́ni, gbàdúrà sí i. Bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀ síbẹ̀, fi í sílẹ̀, torí Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Róòmù pé ohun tí èèyàn bá fi iyèméjì ṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún un. Fi sùúrù ṣàlàyé fún màmá rẹ. Ilé ìwòsàn àti báńkì náà ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kọ̀wé sí wọn.

Kí o sì bá àwọn ará ìjọ tó ń dá ọ lẹ́kun sọ̀rọ̀, kí wọ́n bá ọ wá iṣẹ́. Jákọ́bù orí 2 bá ẹni tó ń kí ẹni tébi ń pa pé kó yó, tí kò fún un lóúnjẹ, wí.