Àpótí Ìmọ̀: Ọkọ̀ Kì í Dúró Lójú Ẹsẹ̀

Ọkọ̀ kan ń bá eré bọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó kù díẹ̀ kó dé oríta Ṣàgámù. Ọ̀nà náà tọ́ gbọọrọ. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, bíréèkì sì ń dín eré ọkọ̀ kù ní 5 m/s ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Báwo ni yóò ṣe rìn jìnnà tó kó tó dúró?

s = v² ÷ 2a
(s: ìwọ̀n ọ̀nà, v: eré, a: bí eré ṣe ń dín kù)

• 72 km/h (20 m/s): 400 ÷ 10 = mítà 40
• 108 km/h (30 m/s): 900 ÷ 10 = mítà 90

Eré fi ìdajì lé sí i, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọ̀nà ju ìlọ́po méjì lọ. Ìdí nìyí tí òfin ìrìnnà fi ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ má kọjá 100 km/h lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Dán an wò: 90 km/h (25 m/s) ńkọ́? Ìdáhùn: mítà 62.5.