Ẹ Kọ́kọ́ Dán an Wò Lọ́wọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Sábó tí ẹ ń ṣe áàpù ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́, fún odidi ọdún 6. Wọn ò kàn ń yin ara wọn. Wọ́n ní kíláàsì mìíràn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3, wọ́n sì fi èsì méjèèjì wéra. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ jogún nìyẹn.

Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀kọ́ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé jáde ní 2013, ní ìwé àti ìbéèrè ìdánwò nínú, ọmọ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kàwé. Ọgbọ́n ńlá ni, torí dátà wọ́n. Ṣùgbọ́n iye ẹ̀rọ tí a pín kò lè sọ ohun tí ọmọ mọ̀.

Torí náà, ẹ gbé fóònù tí áàpù yín wà lórí rẹ̀ fún ọmọ Sábó kan tó ń sọ Háúsá nílé, tó ń sọ Yorùbá níta. Ẹ jókòó tì í, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má tọ́ka síbì kankan. Bí ìka rẹ̀ bá dúró, tó ń wojú yín, áàpù ló kùnà, kì í ṣe ọmọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fún òun àti ọmọ tí kò lo áàpù náà ní ìdánwò kan náà lórí bébà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èsì han àwọn olùkọ́, kódà bí kò bá dùn mọ́ yín.