Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: ÌRẸ́PỌ̀ ALÁÌSÀN ỌKÀN ÀTI OLÙTỌ́JÚ RẸ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá wa rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, tí ìbànújẹ́ tàbí ìpayà kò sì jẹ́ kí wọn sùn lóru. Irú àìsàn báyìí ní ìtọ́jú. Oògùn wà fún òmíràn. Fún òmíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ni ìtọ́jú rẹ̀: aláìsàn yóò máa jókòó pẹ̀lú ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà, wọn yóò sì jọ máa tú ohun tí ó wọ ọkàn lẹ́rù.

Ohun tí a fẹ́ kí a mọ̀ ni pé, ìmọ̀ olùtọ́jú nìkan kò tó. Ìrẹ́pọ̀ àwọn méjèèjì ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2018, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣe àkójọ ìwádìí 295, nínú èyí tí aláìsàn tí ó ju 30,000 lọ wà. Wọ́n rí i pé níbi tí ìrẹ́pọ̀ bá ti dára, níbẹ̀ ni àlàáfíà aláìsàn sábà máa ń pọ̀ sí jù.

Kí ni ìrẹ́pọ̀ yìí? Edward Bordin, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, pín in sí mẹ́ta ní ọdún 1979. Èkínní, kí wọn fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n ń wá. Èkejì, kí wọn fi ohùn ṣọ̀kan lórí iṣẹ́ tí wọn yóò jọ ṣe. Ẹ̀kẹta, kí ìgbẹ́kẹ̀lé wà láàárín wọn. Jẹ́ kí a fi opó kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ́ lè sùn, kí ó sì padà sí ọjà rẹ̀. Bí olùtọ́jú bá ń bi í léèrè kìkì nípa ìgbà èwe rẹ̀, tí kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, ọ̀nà wọn kò dọ́gba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn rere ni àwọn méjèèjì.

Èyí kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1954 ni Ọ̀mọ̀wé Thomas Adeoye Lambo ti mú kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn Aro ká ní Abẹ́òkúta, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan, kí wọn má baà gba ìtọ́jú bí àlejò láàárín àwọn tí wọn kò mọ̀.

Àwa pẹ̀lú ti ṣe àṣìṣe rí. Nígbà tí ẹnìkan padà wá sọ fún wa pé òun kò lè bá olùtọ́jú òun sọ̀rọ̀, a wí pé kò ní sùúrù ni. Kò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́. Ìbá ṣe pé a bi í léèrè ohun tí kò bá a lára mu!

Nítorí náà, kí aláìsàn béèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ tí olùtọ́jú kọ́, èdè tí wọn yóò fi sọ̀rọ̀, àti iye owó rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó bi ara rẹ̀ pé, “Ǹjẹ́ ó ń gbọ́ mi yé? Ǹjẹ́ mo lè sọ òtítọ́ níwájú rẹ̀?” Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún olùtọ́jú náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àtúnṣe a máa fún ìrẹ́pọ̀ ní agbára sí i. Bí kò bá ní àtúnṣe, kí ó ní kí a fi òun lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe àrífín, olùtọ́jú rere kì yóò sì bínú sí i.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ṣì í mú: ìrẹ́pọ̀ kì í ṣe pé kí olùtọ́jú máa sọ kìkì ohun tí ó dùn mọ́ wa. Ẹni tí ó bá sì ń tú àṣírí aláìsàn, tàbí tí ó ń bá a wá ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, kí a fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a sì fi í sùn. Bí ẹnìkan bá ń rò láti pa ara rẹ̀, kí a má dúró wá ìrẹ́pọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí a mú un lọ kíákíá.

ÌBÉÈRÈ
1. Ọ̀nà mẹ́ta wo ni a pín ìrẹ́pọ̀ sí?
2. Kí ni ó yẹ kí aláìsàn ṣe kí ó tó fi olùtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀?
3. Bí aládùúgbò wa bá wí pé ìtọ́jú kò bá òun lára mu, kí ni a ó kọ́kọ́ bi í?