Odì Yíyàn Láàárín Ẹgbẹ́

Bí a bá gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń fìyà jẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ àti pàṣán ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ìyà tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kò ní ẹ̀ṣẹ́ nínú. Èdè wa mọ̀ ọ́n dáadáa: odì yíyàn, yíyínmú síni, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, òkò ọ̀rọ̀. Àní nínú àrokò àtijọ́, owó ẹyọ méjì tí ó kọ ẹ̀yìn sí ara wọn lórí okùn kan, odì ni. Bí wọ́n bá kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni.

Ní 1995, Crick àti Grotpeter kọ̀wé ní Amẹ́ríkà pé ọmọdé a máa fi ọ̀rẹ́ ṣe ohun ìjà: ‘Bí o kò bá ṣe tèmi, n kò bá ọ ṣọ̀rẹ́ mọ́.’ Wọ́n ní ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin. N kò fi gbogbo ara gba apá yìí: àwọn ọkùnrin náà ń ṣe é, eré ni wọ́n kàn ń pè é.

Láti 2011 tí Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti dé Ọyẹ́, tí ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ilé wọn jìnnà ló ń háyà yàrá káàkiri ìlú méjèèjì. Àwọn ará yàrá ni bàbá, àwọn ni ìyá. Ẹni tí wọ́n bá yọ sílẹ̀, ta ni yóò sọ fún un pé wọ́n ti yí àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ padà? Bí àìsàn bá dé, ta ni yóò sìn ín dé ọsibítù Ìdó?

Ọmọbìnrin kan wà nílé tí mo gbé rí. Ó kọ̀, kò jẹ́ kí ẹnìkan wo ìwé òun nínú ìdánwò. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé yàn án lódì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ WhatsApp mìíràn sílẹ̀, wọn kò fi í sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kí i o! ‘Ẹ káàárọ̀, mà,’ ni wọ́n ń wí fún ọmọ ọdún 19 tí wọ́n ti ń pè ní ‘ìwọ’ tẹ́lẹ̀. Gírámà wa ní ọ̀wọ̀ ni ‘ẹ’. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, níbẹ̀ yẹn, ògiri ni. Màmá onílé gbọ́ ọ, ó ní àwọn ọmọ náà mọ̀wà hù.

Ní 2003, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ ọpọlọ àwọn tí a yọ sílẹ̀ nínú eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà wò; apá kan tí í máa ṣiṣẹ́ bí ara bá ń dunni ni ó ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ‘Ta ló nà ọ́?’ ni a ṣì ń bi ọmọ tí ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ì bá sàn kí a bi í pé ta ni ó bá jẹun lánàá.

Mo ní kí ọmọbìnrin náà lọ fẹjọ́ sùn. Ó ní, ‘Kí ni kí n wí? Pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi?’